Sàídì Ti Wà ní Dùgbẹ̀

Bí ẹ bá pe Sàídì lórí fóònù tó ní òun ti dé Challenge, ẹ lọ gbé omi ẹ̀kọ kaná. Ẹ mu ẹ̀kọ yẹn, ẹ fọ abọ́, kí ẹ sì tún fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, nítorí Sàídì ò tíì wọ ṣòkòtò. Bó bá ní Ring Road lòun wà, ṣòkòtò yẹn ló ń wá. Bó bá wá búra fún yín pé òun ti ń wo òrùlé ilé yín lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ bá a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ti jí nìyẹn.

Kì í kúkú ṣe èèyàn burúkú. Ohun tó ń dunni nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀ gan-an nìyẹn. Sàídì ò jalè, kò mutí, kò na ìyàwó. Ó ń kírun dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà tí Lèmọ́mù bá ń sálámà ló sábà máa ń wọ mọ́sáláṣí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì kan ní Agbowó, níbi tó ti ń tẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó sì ń bá wọn dì í. Ẹnu rẹ̀ dùn, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Irọ́ ibi tí òun wà nìkan ló ń pa, ó sì ti ń pa á látìgbà tí fóònù alágbèéká ti wọ Ìbàdàn. Kí fóònù tó dé, ẹni tó bá pẹ́ kàn pẹ́ ni, kò sẹ́ni tó lè bi í léèrè lójú ọ̀nà. Fóònù ló jẹ́ kí èèyàn lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì kó máa sọ pé òun ti kọjá Mọ́kọ́lá.

Àwọn ará ilé rẹ̀ náà ò sì lè torí ẹ̀ káwọ́ gbera. Wọ́n mọ ìṣirò rẹ̀. Alhaji Àjàgbé, àbúrò bàbá wọn, ló mọ̀ ọ́n jù. Á fọwọ́ pa irùngbọ̀n, á ní, "Mọ́kọ́lá ló pè é? Ó ṣì ń bu omi ìwẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa bọ́rọ̀ lọ." Wọ́n sì tún dá ọgbọ́n mìíràn sí i. Ohunkóhun tí wọ́n bá ní kí Sàídì mú wá sóde, wọ́n á rọra rán ẹlòmíì kó mú irú ẹ̀ wá. Mujeeb, àbúrò Sàídì, ló sọ ọ́ ní sìpéà. Ó ní mọ́tò tí ò bá ní táyà sìpéà, kò gbọdọ̀ jáde nílùú. Wọ́n ń ṣe é lọ́dún, wọ́n ń ṣe é lẹ́ẹ̀rùn, kò sẹ́ni tó sọ fún Sàídì. Lójú tiẹ̀, ó rò pé ìdílé àwọn kàn jẹ́ ìdílé tí nǹkan máa ń ṣẹ́kù ni. Àga á ṣẹ́kù, yìnyín á ṣẹ́kù, òun náà á gbé èyí tó ṣẹ́kù lọ sílé, á ní àlùbáríkà ni.

Ìyá wọn ni Alhaja Bàdírátù. Ọ̀dọ̀ Mujeeb ló ń gbé, nínú ilé tí bàbá wọn kọ́ sẹ́yìn Challenge kó tó kú. Orúnkún ń dà á láàmú. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ń ti Ìwó bọ̀, ó lọ kí àbúrò rẹ̀, wọ́n sì ti jọ fi í sí pé Sàídì ni yóò pàdé rẹ̀ ní gáréèjì Ìwó Road, kó bá a gbé ẹrù, kó bá a dé ilé. Bí Alhaja ṣe bọ́ sílẹ̀, ó pè é.

"Sàídì, mo ti dé o."

"Mo ti wà ní Bódìjà, Màámi. Ẹ má lọ síbì kankan."

Bọ́ọ̀lù ló ń wò nínú yàrá rẹ̀ ní Agbowó. Wọn ò tíì gbá ìlàjì àkọ́kọ́ tán.

Nígbà tó fi máa dé Ìwó Road, oòrùn ti kúrò lórí, ó ti bọ́ sójú. Alhaja jókòó lórí àpò gààrí rẹ̀, láàárín àwọn tó ń pe Ifẹ̀ àti àwọn tó ń pe Èkó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú bo etí bàtà. Obìnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá ló ta agboòrùn sí i lórí.

Obìnrin náà wo Sàídì látòkè délẹ̀. "Ṣé ìwọ ni ọmọ tó ti wà ní Bódìjà láti ọ̀sán?"

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Alhaja wí. "Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló pọ̀ ní Bódìjà lónìí. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò."

"Rédíò wo, Alhaja? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi látìgbà yẹn."

"Mo ní mo gbọ́ ọ."

Irọ́ tí Sàídì ti pa láyé rẹ̀, bí wọ́n bá kó o jọ, tírélà ni yóò gbé e. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò rí irú èyí rí, kí ìyá òun tó ti rí Mẹ́kà máa jókòó sí gáréèjì, kó máa bá òun parọ́. Nígbà tí wọ́n wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ báàfù tí Mujeeb bu omi gbígbóná sí fún ẹsẹ̀ Alhaja.

"Màámi, mi ò ní parọ́ ibi tí mo wà mọ́."

"Mo ti gbọ́."

"Mo fi Ọlọ́run búra."

"Fi Ọlọ́run sílẹ̀, Ó níṣẹ́ tó ń ṣe." Alhaja ti ẹsẹ̀ bọ omi, ó sì fa ojú ro díẹ̀. "Sàídì, pẹ́ dé gbogbo ibi tó bá wù ọ́. Ọjọ́ kan péré ni kó o má pẹ́. Ìwọ ni àkọ́bí mi, ìwọ ni mo fẹ́ kó wọnú sàréè gbà mí. Mujeeb ti gbé mi lọ sọ́sípítù tó. Má jẹ́ kó jẹ́ òun náà ló máa gbé mi débẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Sàídì gbé lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, kò tún sí nǹkan mìíràn tó ń wá láyé ju pé lọ́jọ́ tí Alhaja bá kú, kó jẹ́ ọwọ́ òun ni wọn yóò gbé e lé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ká yíwà padà ló le, ẹ dúró ná. Bó ṣe ń jí kùtùkùtù ò nira fún un rárá. Ó ra aago kan tó ń ké bí àkùkọ, ó gbé e sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó, ó di dandan kó dìde lọ pa á. Ìyọnu wà lọ́dọ̀ àwọn èèyàn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ìpàdé ẹbí kan wà, Mujeeb bá pè é pé ibo ló dé.

"Mo ṣì wà nílé," ni Sàídì wí. "Mi ò tíì wẹ̀."

Mujeeb yára gé fóònù. Ó wá pe Shakirah, ìyàwó Sàídì, ìyá Islamiat. "Mọ́mì Islamiat, ṣé kò sí o? Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ò tíì wẹ̀. Ṣé wọ́n ń bínú sí wa ni?"

Ẹ bá wọn rò ó. Nínú ìṣirò ẹbí, ẹni tó ń bu omi ìwẹ̀ ló ń sọ pé òun ti dé Mọ́kọ́lá. Ẹni tó bá wá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò tíì wẹ̀, ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpàdé láìdúró dè é. Nígbà tí Sàídì wọlé ní àkókò tí wọ́n fi í sí gan-an, àwọn obìnrin méjì dìde fún un, wọ́n ṣe bí ẹni tó rí òkú ọ̀run.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ìjà ni. Ó sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Jésùlọlá pé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ á ti wà ní dídì láago méjì. Nígbà tó di aago méjì, ó ti dì í, ó sì gbé e sórí tábìlì. Jésùlọlá ò yọjú. Sàídì dúró, ó dúró, nígbà tó yá ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ kírun Àsárì. Ìgbà yẹn ni Jésùlọlá dé, ó bá àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn. Nígbà tí Sàídì fi padà, ọ́fíìsì tí ọmọ náà fẹ́ gbé ìwé lọ ti ṣíwọ́.

"Ẹ ní two o'clock," ni Jésùlọlá wí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Mo sì dì í ní two o'clock."

"Ọ̀gá Sàídì, láti hundred level ni mo ti ń bọ̀ níbí. Two o'clock yín, five o'clock ni. Everybody sabi. Kí ló dé tẹ́ ẹ yí i padà tẹ́ ẹ ò lè sọ fún èèyàn?"

Sàídì bẹ̀ ẹ́. Ẹ gbọ́ mi yé o, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kó má bínú pé òun ò pẹ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyàwó Mujeeb bímọ. Wọ́n ní kí Sàídì mú àgbò wá fún ìsọmọlórúkọ. Kí wọ́n tó to àga tán, Sàídì ti wọlé, ó ń fa àgbò rẹ̀ bí ọlọ́pàá ṣe ń fa olè. Ó fà á dé ẹ̀yìnkùlé, ó bá àgbò mìíràn níbẹ̀ tó ń jẹ èèpo iṣu ní tirẹ̀. Àgbò wo àgbò. Sàídì wo Mujeeb.

"Ta ló ni èyí?"

Mujeeb họ orí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Sìpéà ni."

"Sìpéà kí ni?"

"Sìpéà yín."

Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Àtàga, àtìrẹsì, àtèyí tó pè ní àlùbáríkà, gbogbo rẹ̀ ni Mujeeb kà fún un, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bíi ti ẹni tó ń ka ẹ̀sùn ara rẹ̀. Sàídì jókòó sórí odó tí wọ́n dojú ẹ̀ dé.

"Látìgbà wo?"

"Látìgbà ìgbéyàwó mi."

Ọmọ mẹ́rin sẹ́yìn nìyẹn. Sàídì fọwọ́ nu ojú. "Mujeeb, má ṣe é mọ́. Bí mo bá ti ní mò ń bọ̀, mò ń bọ̀ ni."

"Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n."

Alhaja yọrí lójú fèrèsé. "Ẹ pa méjèèjì," ló wí. "Ebi ń pa àlejò."

Alhaja kú lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan, lẹ́yìn ìrun Àìlà. Kò ṣàìsàn. Ó kírun tán, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní yẹn, nígbà tí wọ́n máa fi gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti lọ. Mujeeb pe Sàídì. Ìwé ni Sàídì ń dì lọ́wọ́. Ó jókòó.

"Aago mélòó?" Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

"Alhaji Àjàgbé ní aago márùn-ún. Ẹ̀gbẹ́ Bàbá la máa sin wọ́n sí."

"Àkàfàní ńkọ́?" Àkàfàní ni aṣọ funfun tí wọ́n fi ń wé òkú Mùsùlùmí.

"A ò tíì rà á."

"Èmi ni màá rà á. Bódìjà ni màá gbà bọ̀. Mujeeb, má ra sìpéà."

"Ẹ̀gbọ́n, irú ọjọ́ òní?"

"Ọjọ́ òní gan-an ni mò ń wí. Màá dé kí aago márùn-ún tó lù. Má rà á."

"Mo ti gbọ́," ni Mujeeb wí.

Shakirah ń ránṣọ ní Ring Road, ibẹ̀ ló ti kọjá lọ sílé òkú. Sàídì ti ṣọ́ọ̀bù. Ní Bódìjà, kò ná ọjà. Ẹni tó ń taṣọ wo ojú rẹ̀, ó wo aṣọ tó mú, ó ní, "Ta ni?" Sàídì ní, "Màámi." Ọkùnrin náà gé e tán, ó tún fi díẹ̀ lé e. Sàídì gbé aṣọ há abíyá, ó wọ máíkírà tó ń lọ sí Dùgbẹ̀. Àkókò ṣì wà rẹpẹtẹ. Tírélà kan tó kó sìmẹ́ńtì dákú sójú ọ̀nà nítòsí Mọ́kọ́lá, ọkọ̀ ń fà bí ìgbín, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ti ka ìyẹn mọ́ ọn kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wo Sàídì o, ẹni tó ń ka súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mọ́ ìrìnàjò.

Ọ̀run ló ṣe tiẹ̀. Láti ìhà Challenge, òjò ṣú, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n wọ Dùgbẹ̀ pẹ́ẹ́, fóònù dún.

"Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ dé?"

"Mo ti wà ní Dùgbẹ̀."

"Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Alhaji ní òjò ti ṣú, àwọn fẹ́ ká sin wọ́n báyìí."

"Mujeeb, mo wà ní Dùgbẹ̀. Cocoa House ni mò ń wò yìí. Mi ò ní pẹ́ débẹ̀. Sọ fún wọn kí wọ́n dúró dè mí."

"Ó dáa," ni Mujeeb wí. Ó sọ fóònù sí àpò jàlàbíà rẹ̀. Kò gé e.

Sàídì fẹ́ gé tiẹ̀ náà nígbà tó gbọ́ ohùn Alhaji Àjàgbé, bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àpò ìrẹsì.

"Ó ní ibo lòun wà?"

"Dùgbẹ̀, Alhaji."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Nílé òkú o. Ẹlòmíì ní, "Dùgbẹ̀ wo?"

"Dùgbẹ̀ ti Sàídì, Agbowó ni," ni Alhaji wí. "Ẹ wo ojú ọ̀run. Ṣé kí omi kún sàréè kó tó wẹ̀ tán?"

"Alhaji, wọ́n ti yíwà padà," ni ohùn Mujeeb wí. "Wọn kì í parọ́ mọ́."

"Ó dá ọ lójú?"

Ohùn Alhaji túbọ̀ súnmọ́ fóònù.

"Mujeeb, ìyá rẹ ló wà nílẹ̀ yìí. Ìwọ ni mò ń bi. Ṣé o lè fọwọ́ sọ̀yà pé Dùgbẹ̀ ló wà?"

Nínú máíkírà, Sàídì ti di ìjókòó iwájú mú pẹ̀lú ọwọ́ kan. "Sọ fún wọn," ló ń wí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń bẹ ọmọ kékeré. "Sọ fún wọn, Mujeeb."

"Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà, Alhaji," ni Mujeeb wí.

"Àkàfàní ńkọ́? Òun la ní ó ń mú bọ̀."

"Ọ̀kan ti wà níbí. Mo rà á sílẹ̀."

"O ṣe é. Ẹ wé wọn. Ìwọ ni kó o wọlé gbà wọ́n."

Sàídì wá figbe ta. "Mujeeb!" Gbogbo ọkọ̀ yíjú. Ó pariwo orúkọ náà títí, ṣùgbọ́n inú àpò ni fóònù wà, ta ni yóò gbọ́? Màmá kan tó jókòó tì í ti gbọ́ èyí tó tó fún un, ó ti gbé fóònù tiẹ̀ sí i lọ́wọ́. Sàídì tẹ nọ́ńbà Mujeeb. Wọ́n ní ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Òun náà kọ́ ni ẹlòmíràn yẹn? Ó tẹ ti Shakirah. Ó dún, ó dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Àwọn obìnrin ti kó báàgì wọn sí yàrá.

"Ẹ bọ́lẹ̀, kí ẹ gba ọ̀kadà," ni awakọ̀ wí. "Ẹ fi owó yẹn sílẹ̀. Ẹ máa lọ."

Ó bọ́lẹ̀, ó gba ọ̀kadà. "Challenge. Sáré. Mo fẹ́ bá wọn sìnkú ìyá mi." Ọlọ́kadà ò bèèrè nǹkan mìíràn. Ó yọ láàárín àwọn ọkọ̀ bí ẹja nínú àbàtà, Sàídì fi ọwọ́ kan dì í mú, ó fi èkejì tẹ fóònù mọ́ etí, àkàfàní há abíyá. Ẹ rí i bí Ọlọ́run ṣe ń dán èèyàn wò. Ọkùnrin tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí bẹ́ẹ̀dì tó ń sọ pé òun wà lójú ọ̀nà, ojú ọ̀nà náà ló wà yìí, ìyẹn ò sì wúlò fún un.

Òkè-Àdó ló ti gbọ́ tí Lèmọ́mù gbé ìrun òkú dìde. Ọkọ̀ ńlá kan fọn fèrè, kò gbọ́ Allahu Akbar kejì. Nígbà tí wọ́n máa fi yà sí Ring Road, wọ́n ti sálámà. Ó gbọ́ bí àwọn ọkùnrin ṣe ń mí bí wọ́n ṣe gbé Alhaja. Ó gbọ́ ẹni tó ń sọ pé ẹ rọra, ẹ rọra, ẹ fi ẹsẹ̀ síwájú. Lẹ́yìn náà, ariwo òde lọ sílẹ̀, gbogbo nǹkan wá súnmọ́ etí, ó ṣe bí ẹni tó ti orí wọ inú kànga. Ó mọ̀ pé Mujeeb ti wà nínú sàréè nìyẹn.

"Kọ wọ́n sí gábàsì," ni Alhaji wí láti òkè. "Dáadáa. Tú okùn orí."

Mujeeb ń sunkún. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, irú èyí tí ẹni tó wà lókè ò lè gbọ́, àfi ẹni tó bá wà nínú àpò rẹ̀. "Màámi, ẹ forí jì mí. Ẹ̀gbọ́n lẹ ní kó gbé yín. Mo mọ̀. Ẹ forí jì mí, mi ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe."

Sàídì gbé orí lé ẹ̀yìn ọlọ́kadà.

"Ọ̀gá, ẹ di mí mú dáadáa o," ni ọlọ́kadà wí. "Ẹ ti fẹ́ ṣubú."

Nígbà tí ọ̀kadà dé ẹnu géètì, wọ́n ti ń fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì tẹ́ òkìtì náà. Ojú ọ̀run ti là. Òjò tó ṣú yẹn ti kọjá sí ibòmíràn, kò kán sílẹ̀ níbẹ̀ rárá. Mujeeb dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, amọ̀ kún jàlàbíà rẹ̀ dé orúnkún. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ fóònù, ó jọ pé ó fẹ́ tún pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò. Ó wo ojú fóònù. Ìpè tó pe Sàídì ṣì ń lọ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé orí sókè, ó rí Sàídì lẹ́nu géètì, fóònù létí, aṣọ funfun ní abíyá. Àwọ̀ Mujeeb yí padà. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún un pé gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n òun gbọ́.

Àwọn èèyàn yíjú. Alhaji Àjàgbé gbọn erùpẹ̀ lọ́wọ́.

"Sàídì. O káre, o dé."

Sàídì dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ òkú, Alhaji."

"Dìde. Ojú sàréè ìyá rẹ lo wà, mi ò fẹ́ kó o parọ́ níbẹ̀. Nígbà tí Mujeeb pè ọ́, ibo lo wà?"

Mujeeb ń wo Sàídì, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò lè pa á dé. Shakirah ti jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀, òun náà ń wò ó. Bí Sàídì bá wí, òótọ́ ni, fóònù wà níbẹ̀ tó ń jẹ́rìí. Ojú á ti Alhaji níwájú àdúgbò. Láti òní lọ, kò sẹ́ni tó máa tún ṣírò rẹ̀ mọ́ láyé. Mujeeb ńkọ́? Mujeeb tó ń fọ ẹsẹ̀ Alhaja, tó ń gbé e lọ sọ́sípítù, tó ń jí bí ó bá wúkọ́. Wọn á máa fi ọwọ́ júwe rẹ̀ pé òun ni kò jẹ́ kí àkọ́bí gbé ìyá rẹ̀, òun náà á sì máa jókòó tì sàréè yìí ní àràárọ̀.

"Agbowó ni mo wà, Alhaji," ni Sàídì wí. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wẹ̀ ni."

"Mo wí?" Alhaji na ọwọ́ sí àwọn èèyàn. "Ṣé ẹ gbọ́? Mo wí àbí mi ò wí?"

Wọ́n pòṣé, àwọn mìíràn mi orí, ẹnì kan tilẹ̀ fi imú rẹ́rìn-ín. Ọlọ́kadà tó ń ka ṣéńjì Sàídì lẹ́nu géètì ní, "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe Dùgbẹ̀ ni mo ti..."

"Mú gbogbo ẹ̀ máa lọ," ni Sàídì wí fún un. "O ṣé."

Kò sẹ́ni tó ṣírò ìyẹn o. Àwọn ọ̀mọ̀ràn tó mọ iye ìwẹ̀ tó wà láàárín Agbowó sí Mọ́kọ́lá, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bèèrè bí ẹni tó wà nínú bálùwẹ̀ ní Agbowó ṣe dé ẹ̀yìn Challenge kí wọ́n tó tẹ́ sàréè tán, àfi tó bá fò. Wọ́n yà lọ fọ ọwọ́.

Mujeeb nìkan ló kù. Ó súnmọ́ ọn. "Ẹ̀gbọ́n," ló wí.

"Gé fóònù yẹn," ni Sàídì wí. "Kírẹ́díìtì ẹ ń lọ."

Mujeeb gé e. Láti inú ilé ni Alhaji Àjàgbé ti ń ké sí wọn pé àlejò ti ń kún, àga ò tó, kí ẹnì kan sáré lọ sílé kejì lọ yá sí i.

"Mò ń lọ, Alhaji," ni Sàídì wí. Ó ti gbé aṣọ sílẹ̀, ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Rárá o," ni Alhaji wí. "Ẹ jẹ́ kí Mujeeb lọ. Àwọn èèyàn ń dúró."